Ilé Amọ̀ Tí Ìmọ̀ Gbé Ró: Sankore ti Timbuktu àti Ẹ̀kọ́ Rẹ̀ fún Àwa Onímọ̀

Ìfáárà

 

 Ìlú Niamey ni mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, ní etí omi tí àwọn baba wa ń pè ní Odò Ọya. Omi kan náà ni ó ń gba ìtòsí Timbuktu kọjá, tí ó gba Gao, tí ó dé Niamey níbí, tí ó kọjá ní Say, kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Jẹ́bà àti Lọ́kọ́ja ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Èdè Zarma tí a ń gbọ́ ní ọjà Niamey lójoojúmọ́, ọmọ ìyá ni òun àti èdè Songhay tí wọ́n ń sọ ní Timbuktu. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ni ó sì gbà pé láti ara orúkọ Mali ni àwọn baba wa ti rí ọ̀rọ̀ náà, Ìmàle, tí wọ́n fi ń pe Mùsùlùmí. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń sọ̀rọ̀ Sankore fún Yorùbá, kò sọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Ọ̀rọ̀ òkè odò wa ni.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò kò ju ọ̀kan lọ. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ Sankore. Lọ́dọọdún ni òjò ń jẹ lára rẹ̀. Kí ni ó wá mú un dúró títí di òní, nígbà tí ọ̀pọ̀ ààfin tí a fi òkúta kọ́ ti di àlàpà? Bí a bá mọ ìdáhùn, a ó mọ ohun tí ó yẹ kí a ṣe sí ilé-kéwú tiwa.

Ìpilẹ̀ṣẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ nínú Islam

Mọ́sálásí Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ní Mẹdínà ni ilé-ẹ̀kọ́ wa àkọ́kọ́. Bíríkì amọ̀ tí a sá sí oòrùn ni ògiri rẹ̀, ìtì igi dàbínù ni òpó rẹ̀, imọ̀ dàbínù ni òrùlé rẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ ni ìbòòji wà tí wọ́n ń pè ní Suffah, níbi tí àwọn aláìní nínú àwọn sàábé ń gbé, tí wọ́n sì ń kọ́ ẹ̀kọ́. Abu Hurayrah wà lára wọn. Kò sí òkúta iyebíye níbẹ̀, kò sí wúrà, ṣùgbọ́n ìmọ̀ tí ó ti ibẹ̀ jáde kárí ayé.

Nígbà tí ìjọba Islam gbilẹ̀, àwọn ọba àti àwọn mínísítà wọn bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ó dá dúró. Nizam al-Mulk ṣí Nizamiyya ní Baghdad ní ọdún 1067. Mustansiriyya tẹ̀ lé e ní ìlú kan náà, wọ́n ṣí i ní ọdún 1234. Irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ní yàrá fún akẹ́kọ̀ọ́, ó ní owó oṣù fún olùkọ́, ó sì ní ohun ìní tí a fi sílẹ̀ ní wákáfù kí iṣẹ́ má baà dúró.

Ti Timbuktu yàtọ̀. Nínú ìwé Tarikh al-Sudan tí Abd al-Rahman al-Sa'di kọ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún, a kà á pé obìnrin ọlọ́rọ̀ kan láti inú ẹ̀yà Aghlal, ẹni tí ó fẹ́ràn iṣẹ́ olóore, ni ó kọ́ mọ́sálásí Sankore. Kò kọ orúkọ obìnrin náà sílẹ̀, kò sì kọ ọdún tí ó kọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí a ṣe àkíyèsí èyí. Obìnrin, Fatima al-Fihri, ni ìtàn sọ pé ó kọ́ mọ́sálásí Qarawiyyin ní Fez ní ọdún 859. Obìnrin ni ó tún kọ́ Sankore. Ẹni tí ó bá ń sọ pé ọ̀rọ̀ ìmọ̀ kò kan àwọn ìyá wa, kí ó lọ tún ìtàn kà.

Amọ̀, igi àti okùn

Mọ́sálásí ńlá mẹ́ta ni Timbuktu fi ń yangàn. Djinguereber ni ọ̀kan, èyí tí Mansa Musa, ọba Mali, pàṣẹ kí a kọ́ lẹ́yìn tí ó ti hájì ọdún 1324 dé. Abu Ishaq al-Sahili, akéwì ará Granada tí ó bá a bọ̀ láti ìrìn-àjò náà, ni a gbà pé ó darí iṣẹ́ náà. Ìkejì ni mọ́sálásí Sidi Yahya, tí wọ́n parí ní nǹkan bí ọdún 1440. Ìkẹta ni Sankore, ní apá àríwá ìlú, ibẹ̀ sì ni àdúgbò àwọn onímọ̀.

Ọ̀nà ìkọ́lé náà kò ṣòro láti ṣàlàyé fún ẹni tí ó bá mọ ilé alámọ̀ ilẹ̀ wa. Wọ́n á po amọ̀ pọ̀ mọ́ koríko gbígbẹ, wọ́n á fi ṣe bíríkì, wọ́n á sá a sí oòrùn. Ògiri á nípọn gan-an ní ìsàlẹ̀, á sì máa tín-ín-rín bí ó ti ń lọ sókè, kí ẹrù rẹ̀ má baà wó o. Òpó púpọ̀ ni wọ́n máa ń tò sínú ilé ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, nítorí pé igi tí wọ́n fi ń ṣe òrùlé kò lè gùn jù. Ògiri tí ó nípọn bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kí ooru ọ̀sán wọlé. Láàrin rẹ̀ ni àgbàlá wà, níbi tí olùkọ́ lè jókòó sí ní àárọ̀ àti ní àṣálẹ́ pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀.

Gogoro tí ládàánì ń gùn láti pe ìrun ni ojú kọ́kọ́ máa ń rí. Igi púpọ̀ yọ orí síta lára rẹ̀ bí ẹ̀gún. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ọ̀ṣọ́ ni. Lóòótọ́ ó dùn ún wò, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni igi náà wà fún. Orí wọn ni àwọn mọlémọlé máa ń gbé ẹsẹ̀ lé nígbà tí wọ́n bá ń rẹ́ ògiri. Àwọn tí ó kọ́ ilé náà mọ̀ pé òjò á jẹ ẹ́. Wọn kò díbọ́n pé iṣẹ́ wọn á wà láéláé. Wọ́n fi àkàbà àwọn tí yóò tún un ṣe sára ilé náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí àkókò rírẹ́ mọ́sálásí bá tó, gbogbo ìlú ni ó máa ń jáde: àwọn mọlémọlé á ṣáájú, àwọn ọ̀dọ́ á máa gbé amọ̀, àwọn obìnrin á máa pọn omi.

Níhìn-ín ní orílẹ̀-èdè Niger, irú iṣẹ́ yìí kan náà wà ní Agadez. Gogoro mọ́sálásí ibẹ̀, tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ní ọdún 1515, tí wọ́n sì tún kọ́ ní ọdún 1844, ga tó mítà 27. Amọ̀ àti igi ni, àtúnṣe ni ó sì gbé e dé ọ̀dọ̀ wa.

Ọ̀rọ̀ okùn ni ó kù. Al-Aqib ọmọ Mahmud, ọmọ ìdílé Aqit, jẹ́ adájọ́ ní Timbuktu láti ọdún 1565 títí di 1583. Òun ni ó tún àwọn mọ́sálásí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ́. Ìtàn sọ fún wa pé nígbà tí adájọ́ yìí lọ sí hájì, ó gba àṣẹ, ó sì fi okùn wọn gígùn àti fífẹ̀ Káábà. Ó ká okùn náà, ó gbé e la aṣálẹ̀ kọjá padà sí ilé. Nígbà tí ó di ọdún 1578 tí ó fẹ́ tún Sankore kọ́, ó na okùn náà sílẹ̀, ó fi èèkàn mẹ́rin sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì fi ìwọ̀n náà pààlà àgbàlá inú rẹ̀. Kò fi kún un, kò sì yọ kúrò. Ìgbà tí a bá rántí pé gábàsì gbogbo wa kan náà ni, a ó mọ ohun tí adájọ́ yìí ń sọ láìlanu: ẹ̀kọ́ tí a bá ń kọ́ ní àgbàlá yìí, ìwọ̀n ilé Ọlọ́hun ni kí a máa fi wọ̀n ọ́n.

Olùkọ́ ni ilé-ẹ̀kọ́

Ó yẹ kí a tún àṣìṣe kan ṣe níbí. Àwọn kan máa ń kọ ọ́ pé Sankore jẹ́ yunifásítì tí ó ní akẹ́kọ̀ọ́ 25,000, bí ẹni pé ó ní ọ̀gá àgbà, ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ àti ìwé-ẹ̀rí bíi ti òde òní. Ìwé ìtàn àwọn ará Timbuktu fúnra wọn kò sọ bẹ́ẹ̀. Kò yẹ kí a fi irọ́ pọ́n baba wa lé, nígbà tí òótọ́ wọn tó pọ́nlé.

Òótọ́ náà ni pé olùkọ́ ni ilé-ẹ̀kọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ á wá olùkọ́ tí ó mọ ìwé kan dunjú lọ, yálà ní mọ́sálásí tàbí ní ilé olùkọ́ náà. Á ka ìwé náà níwájú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ó bá yege, olùkọ́ á fún un ní ijaza, ìyẹn àṣẹ láti fi ìwé náà kọ́ ẹlòmíràn, tí orúkọ olùkọ́ àti ti olùkọ́ olùkọ́ wà nínú rẹ̀ títí dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó kọ ìwé náà. Lára ìwé tí wọ́n ń kà ni Muwatta ti Imam Malik, Risala ti Ibn Abi Zayd àti Mukhtasar ti Khalil, pẹ̀lú hádíìsì àti gírámà èdè Lárúbáwá. Ẹni tí ó bá lọ sí ilé-kéwú àtijọ́ ní Ìlọrin tàbí Ìbàdàn mọ̀ pé Risala yìí náà ni àwọn àfáà wa kà.

Àwọn ọmọdé ní ibi tiwọn. Tarikh al-Fattash dárúkọ ilé-kéwú tí ó tó 150 sí 180 ní Timbuktu. Ẹni tí ó kọ ìtàn náà sọ nípa olùkọ́ kan, Ali Takariya, tí àwọn ọmọ rẹ̀ máa ń mú owó ẹyọ márùn-ún sí mẹ́wàá wá fún lọ́jọ́ Àlàrùbá. Ó sì ka wàláà 123 ní àgbàlá ilé rẹ̀. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ kà á rí, ẹ ó rẹ́rìn-ín. Owó Àlàrùbá tí ìyá wa ń dì sí wa létí aṣọ, ọjọ́ rẹ̀ ti pẹ́.

Àwọn ọba náà kò ká ọwọ́ kò. Askia Dawud, tí ó jọba Songhay láti ọdún 1549, gba àwọn adàwékọ síṣẹ́, ó sì ń fi ìwé tọrẹ fún àwọn onímọ̀. A kà á pé ó fi mithqal wúrà 80 ra ìwé atúmọ̀ èdè kan ṣoṣo fún onímọ̀ kan.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ìwà rẹ̀ wọ̀ mí lọ́kàn jù ni Muhammad Bagayogo, tí ó kú ní ọdún 1593. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ Ahmad Baba, tí wọ́n bí ní ọdún 1556, ni ó kọ ìtàn rẹ̀. Láti ìdájí ni Bagayogo ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, ìrun nìkan ni ó ń dá a dúró, títí ilẹ̀ fi máa ṣú. Kì í kanra mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí ọpọlọ rẹ̀ kò yá. Á ṣàlàyé ṣáá títí yóò fi yé e. Ẹni tí ó bá wá yá ìwé, bí ìwé náà ti wù kí ó ṣọ̀wọ́n tó, kódà bí kò mọ onítọ̀hún rí, á yá a, kì í sì í bèèrè rẹ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ ìwé rẹ̀ ni ó bá bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi níbí. Akẹ́kọ̀ọ́ kan wá bá mi ní Niamey, ó fẹ́ yá ìwé kan tí kò rí ní ibòmíràn. Mo kọ̀ fún un. Mo ní àwọn kan ti yá ìwé mi rí, wọn kò dá a padà. Ọmọ náà dúpẹ́, ó kúnlẹ̀, ó lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ náà mo ṣí ìwé mi láti múra iṣẹ́ sílẹ̀, mo sì bá ìtàn Bagayogo pàdé. Oorun kò kùn mí. Mo ní oyè ọ̀mọ̀wé, Bagayogo kò ní. Ṣùgbọ́n èwo nínú àwa méjèèjì ni ó jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́? Ànábì wa ti kìlọ̀ pé ẹni tí a bèèrè ìmọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ tí ó fi pamọ́, ìjánu iná ni a ó fi sí i lẹ́nu ní ọjọ́ àjíǹde. Mo wá ọmọ náà lọ ní ọjọ́ kejì, mo sì fún un ní ìwé náà pátápátá.

Ìgbà ìdánwò

Ilé-ẹ̀kọ́ yìí rí ìṣòro. Nígbà tí Sonni Ali gba Timbuktu ní nǹkan bí ọdún 1468, ọ̀pọ̀ onímọ̀ Sankore sá lọ sí Walata. Askia Muhammad tí ó gba ìjọba ní ọdún 1493 ni ó dá iyì wọn padà.

Ìdánwò tí ó burú jù dé lẹ́yìn ogun Tondibi ní ọdún 1591, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Ahmad al-Mansur, ọba Morocco, fi ìbọn ṣẹ́gun Songhay. Mùsùlùmí ni ó gbógun ti Mùsùlùmí. Ní ọdún 1593, olórí ogun náà pe àwọn onímọ̀ jọ sínú mọ́sálásí Sankore fúnra rẹ̀, bí ẹni pé ó fẹ́ kí wọ́n búra ìfọwọ́sowọ́pọ̀. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn, ó sì mú wọn. Wọ́n pa lára wọn. Àwọn tí ó kù ni wọ́n fi ẹ̀wọ̀n dè la aṣálẹ̀ kọjá lọ sí Marrakesh. Ahmad Baba wà lára wọn. Ó sọ pé ìwé 1,600 ni wọ́n kó lọ́wọ́ òun, bẹ́ẹ̀ ni ìwé tòun ni ó kéré jù nínú ìdílé òun. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní Marrakesh, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí ó padà sílé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ni níbẹ̀, àwọn onímọ̀ ìlú náà sì jókòó síwájú rẹ̀. Ẹ rí i pé ilé náà ń bẹ ní Timbuktu, ṣùgbọ́n ibi tí olùkọ́ wà ni ẹ̀kọ́ ń lọ. Ọdún 1608 ni ó tó padà dé ìlú rẹ̀, ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní ọdún 1627.

Ní ayé tiwa náà, ní ọdún 2012, àwọn ológun gba Timbuktu, wọ́n wó ibojì àwọn ẹni mímọ́, wọ́n sì dáná sun lára àwọn ìwé kí wọ́n tó sá lọ ní ọdún 2013. Ṣùgbọ́n àwọn ará ìlú ti kó púpọ̀ jù nínú ìwé àfọwọ́kọ náà lọ sí Bamako ní ìkọ̀kọ̀. Ní ọdún 2014 àti 2015, àwọn mọlémọlé ìlú fi amọ̀ àti ọgbọ́n tí wọ́n jogún tún àwọn ibojì náà kọ́.

Orúkọ Yorùbá nínú ìwé Timbuktu

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò yẹ kí n fò. Ní ọdún 1615, Ahmad Baba dáhùn ìbéèrè àwọn ará Tuwat nípa ẹrú tí wọ́n ń kó láti ilẹ̀ ènìyàn dúdú. Mi'raj al-Su'ud ni orúkọ ìwé náà. Ó là á mọ́lẹ̀ pé dúdú kì í ṣe ìdí tí a fi ń mú ènìyàn lẹ́rú, ó sì kọ ìtàn pé a ti fi àwọn ọmọ Hamu gégùn-ún. Ó ní ẹni tí ó bá ti ilẹ̀ Mùsùlùmí wá, òmìnira ni. Lẹ́yìn náà ni ó wá to orúkọ àwọn ẹ̀yà tí ó kà sí aláìgbàgbọ́, tí òfin náà kò dáàbò bò: Mossi, Gurma, Borgu, Dagomba àti àwọn mìíràn. Yorùbá wà lára wọn. Lára àwọn àkọsílẹ̀ tí ó pẹ́ jù tí a mọ̀ tí orúkọ wa ti jẹ yọ ni èyí.

Kí ni kí a ti gbọ́ ọ sí? Ẹni tí ó bá fẹ́ràn Ahmad Baba lè fẹ́ fi í pamọ́, ẹni tí kò fẹ́ràn Islam lè fi í ṣe ìbọn. Èmi wòye pé onímọ̀ ńlá náà gbèjà ọ̀pọ̀ ènìyàn dé ibi tí ìmọ̀ àti ìlànà ìgbà rẹ̀ gbé e dé. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa wà ní òdì kejì ààlà tí ó fà. Ó dùn ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo iṣẹ́ Ọlọ́hun. Ọmọ àwọn tí orúkọ wọn wà nínú àkọsílẹ̀ yẹn ni ó ń kọ ọ̀rọ̀ yìí ní etí Odò Ọya. Ọmọ wọn ni Sheikh Adam Abdullah al-Ilory, tí ó dá Markaz sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1952, tí ó sì gbé e lọ sí Agége ní ọdún 1955. Ọmọ wọn wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń wá sí Yunifásítì Islam ti Say, nítòsí Niamey, tí ó ṣí ilẹ̀kùn ní ọdún 1986. Ìmọ̀ kò ní ẹ̀yà. Àkọsílẹ̀ tí a kọ pé a kò sí níbẹ̀, ìmọ̀ ni ó tún un kọ.

Ẹ̀kọ́ fún wa

Àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí a ń kọ́. Nínú Súrà Taobah, Ọlọ́hun fi mọ́sálásí tí a fi ìbẹ̀rù Rẹ̀ pilẹ̀ wé ilé tí a kọ́ sí etí bèbè tí ó fẹ́ ya. Lónìí a ń kọ́ mọ́sálásí alámúrín, a ń fi mábù tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n àfáà tí ń kọ́ ọmọ wa ní ẹ̀yìn rẹ̀ kò rí owó ilé san. A ṣe ọ̀ṣọ́ sí Sankore, a pa Bagayogo lébi.

Ìkejì, ẹ jẹ́ kí a fi àkàbà sílẹ̀ fún àwọn tí ń bọ̀. Igi tí ó yọrí lára ògiri Sankore ni ìbéèrè fún olúkúlùkù wa: ta ni mo ti fún ní àṣẹ láti kọ́ni lẹ́yìn mi? Hádíìsì kọ́ wa pé Ọlọ́hun kì í já ìmọ̀ gbà láyà ènìyàn. Ikú àwọn onímọ̀ ni Ó fi ń mú un lọ. Bí àfáà bá kú láìfi akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀, òjò ti wó ilé kan nìyẹn.

Ìkẹta, ẹ jẹ́ kí a ṣí àpótí. Ìwé àfọwọ́kọ àwọn baba wa ń bẹ ní ìdílé àwọn lẹ́mọ́mù ní ilẹ̀ Yorùbá, ikán ń jẹ wọ́n. Níhìn-ín ní Niamey, Boubou Hama, òpìtàn àti olóṣèlú, kó irú ìwé bẹ́ẹ̀ jọ káàkiri, lónìí wọ́n wà ní ilé ìwádìí kan ní Yunifásítì Abdou Moumouni, níbi tí onímọ̀ lè kà wọ́n. Àwa náà lè ṣe é.

Ìkádìí

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìdáhùn ìbéèrè wa nìyí. Agbára amọ̀ kọ́ ni ó mú Sankore dúró. Àwọn ènìyàn tí kò jẹ́ kí ọdún kan kọjá kí wọ́n má rẹ́ ẹ, àti àwọn olùkọ́ tí kò jẹ́ kí ọjọ́ kan kọjá kí wọ́n má kọ́ni, ni ó mú un dúró. Tiwa náà kò ní ọ̀nà mìíràn.

Kí Ọlọ́hun kẹ́ obìnrin Aghlal tí a kò mọ orúkọ rẹ̀, Òun ni Ó mọ̀ ọ́n. Kí Ó dárí jin Bagayogo, Ahmad Baba, àti gbogbo àfáà tí ó kọ́ wa ní alífù. Kí Ó má jẹ́ kí ìmọ̀ kú mọ́ wa lọ́wọ́. Kí Ó fi àlùbáríkà sí ilé-kéwú wa, yálà amọ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ tàbí òkúta. Àmín.